Ọ̀sẹ̀ Tí Iṣẹ́ Ò Dúró

Ariwo fáànù ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi létí. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé oògùn ní ọsibítù kan ní Ìlá, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn kọ̀ǹpútà ńlá sí. Fáànù inú wọn a máa ké wùùù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, yàrá náà á sì tutù nini bíi pé èèyàn jókòó sínú fíríìjì. Ibẹ̀ ni mo wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ó yẹ kí n lè sunkún bí mo bá rántí ọ̀sẹ̀ yẹn, àmọ́ ẹkún kì í wá. Fáànù yẹn náà ni mo máa ń gbọ́.

Èmi ni mo ń bójú tó ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo ọsibítù náà ń lò. Bí dókítà bá ti kọ oògùn tán, ètò yìí ló máa gbé e lọ sí ilé oògùn fúnra rẹ̀. Bí láàbù bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tán, òun ló máa gbé èsì lọ bá dókítà. Bí àkókò abẹ́rẹ́ ẹnì kan bá sì tó ní wọ́ọ̀dù, òun ló máa dún létí nọ́ọ̀sì. Ètò náà ti gbó, àwọn tó ṣe é sì ti ní àwọn ò ní tún un ṣe mọ́, àfi ká gba tuntun. Kí n tó dé ọsibítù náà, wọ́n ti pa á rí ní àárọ̀ ọjọ́ kan péré láti fi tún un ṣe, ni gbogbo nǹkan bá dojú rú. Àwọn aláìsàn jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí oòrùn fi ká wọn mọ́ ibẹ̀. Èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọdé kan sọnù, Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Nítorí náà, nígbà tó kan èmi, mátírọ́ọ̀nù wa pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì ni mátírọ́ọ̀nù yìí, àwọn dókítà pàápàá a máa sá fún wọn.

"Gbọ́ mi dáadáa," wọ́n ní. "Mi ò fẹ́ kó dúró rárá. Mi ò fẹ́ kí aláìsàn kankan mọ̀ pé o ń ṣe nǹkan kan."

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, mo rò pé kò sí ohun tó lè kọjá lójú mi.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú. Bàbá mi wà nílé ní Ọ̀tan Ayégbajú, ara wọn ò yá. Ọsibítù wa kan náà ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, kí dókítà tó ní ká máa gbé wọn lọ sílé, kí wọ́n lọ sinmi. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ọsibítù mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Awakọ̀ ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe, èrò ni wọ́n máa ń gbé láti Ìlá lọ sí Òṣogbo. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń ṣàdúrà fún mi lórí fóònù kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Bí mi ò bá tíì ṣe àmín, bí ẹni tí kò tíì bọ́jú ni mo máa ń ṣe.

Lọ́jọ́ tó ṣíwájú ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ yẹn, mo lọ wò wọ́n. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mo ń ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe.

"Ó dà bí ìgbà tí èrò kún inú mọ́tò, bàbá, tí ẹ fẹ́ gbé wọn sínú mọ́tò míì, tí mọ́tò ò sì gbọ́dọ̀ dúró."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. "Irọ́ ńlá! Mọ́tò wo nìyẹn?"

Mo ní ètò tuntun á máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ ni. Iṣẹ́ tá a bá gbé fún ọ̀kan, à á gbé e fún èkejì. Tá a bá ti rí i pé bákan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe é, à á máa rọra kó èrò bọ́ sínú tuntun, wọ́ọ̀dù kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbẹ̀yìn, à á pa ti àtijọ́.

"Àwọn èrò ò wá ní mọ̀?"

"Wọn ò ní mọ̀ rárá, bàbá."

"Ìyẹn ò dáa," ni wọ́n wí. "Ó yẹ kí èrò mọ ẹni tó ń wa òun."

Mo fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ò lè yé bàbá. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Wá lọ́jọ́ Jímọ̀ o. Mo fẹ́ rí ẹ." Mo ní mò ń bọ̀. Mo sì fẹ́ wá lóòótọ́. Kí n bá wọn láyé lọ́jọ́ Jímọ̀, ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn.

Ọ̀sán gangan la fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí mátírọ́ọ̀nù ní òun fẹ́ kí gbogbo èèyàn wà lójúfò bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú láàbù. Mo jókòó síwájú ojú kọ̀ǹpútà méjì, ti àtijọ́ lápá òsì, tuntun lápá ọ̀tún, mò ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ìbejì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá ṣàdúrà fún mi, ohùn wọn ti rẹlẹ̀, wọ́n ń mí láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń tọ́jú wọn, ló gbé fóònù. Ó ní bàbá ti tún sùn padà, ara ti rọ̀ wọ́n díẹ̀, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi há. Mo bi í pé kí ló ṣe é, ó ní ọ̀fìnkìn ni. Mo ní kó lọ lo oògùn.

Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ló kàn lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, òun ló le jù. Mo tún pè. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, jọ̀ọ́, gbé fóònù sétí bàbá. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ láìgba àdúrà." Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn bàbá dé, tí wọ́n ń fi ẹnu Ìgbómìnà wúre bí wọ́n ṣe máa ń wúre. Wọ́n ní ojú ò ní tì mí. Wọ́n ní ọwọ́ mi ò ní ba nǹkan jẹ́. Àdúrà náà gùn, ohùn náà sì dá ṣáká. Àmín, àmín, àmín ni mò ń ṣe, inú mi ń dùn.

Mo sáré lọ bá mátírọ́ọ̀nù. "Mà, ara bàbá mi ti ń yá o! Ohùn wọn ti le padà."

Wọ́n wò mí, wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń fi etí aṣọ nù ún. "A dúpẹ́," wọ́n ní. "Lọ jẹun kó o tó padà síbẹ̀." Mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni lọ jẹun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo rí àṣìṣe kan. Ètò tuntun ń kọ ìwọ̀n ara àwọn ọmọdé láìka ààbọ̀ kílò tó bá lé lórí rẹ̀ kún un, ìwọ̀n yẹn ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n oògùn wọn. Nǹkan bín-ín-tín tí ẹlòmíì ò ní rí ni, mo sì tún un ṣe kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ kankan. Mo yin ara mi gan-an.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun, mo pa ètò àtijọ́. Fáànù kan dákẹ́, èkejì ń ké lọ. Mo jáde lọ wo ojú fèrèsé ilé oògùn. Obìnrin kan pọn ọmọ sẹ́yìn, wọ́n gbé oògùn fún un, ó ní "Ẹ ṣé," ó sì lọ. Kò mọ nǹkan kan.

Mátírọ́ọ̀nù ní kí n má wọ mọ́tò ojú pópó, àwọn á gbé mi lọ sí Ọ̀tan fúnra wọn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ yẹ́ mi sí nítorí iṣẹ́ tí mo ṣe ni. Mò ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà fún wọn títí a fi délé.

Bàtà kún ẹnu ọ̀nà wa. Wọ́n tẹ́ ẹní síta. Àbúrò bàbá mi ọkùnrin dìde láàárín àwọn Ààfáà, wọ́n ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. Rọra." Ohùn ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo ẹnu wọn.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni bàbá mi kú, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Wọ́n ti sin wọ́n kí ìrun Àìlà ọ̀sán tó tó, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Iwájú ilé, níbi tí wọ́n máa ń páàkì mọ́tò wọn sí, ni sàréè náà wà, yẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ ti gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. "A pe ọsibítù, mátírọ́ọ̀nù ló gbé e. Wọ́n ní tó o bá gbọ́, o ò ní lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn aláìsàn wà lọ́wọ́ ẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ létí."

"Ìwọ lo ní o fẹ́ gba àdúrà," ni àbúrò bàbá mi wí, omi bọ́ lójú wọn. "Kí ni ká ti ṣe?"

Mi ò bínú, mi ò sì sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kí Ọlọ́run má bínú sí mi, ni pé iṣẹ́ wọn mọ́ ju tèmi lọ: wọ́n pààrọ̀ ohùn, mi ò fura rárá. Fóònù mi dún, ọsibítù ni. Wọ́n ní gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Mo ní ó dáa, mo sì jókòó sórí ẹní.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ètò tuntun ọjọ́ náà sì ti ń di àtijọ́. Àbúrò bàbá mi ò sọ pé àwọn á máa ṣe é, èmi náà ò bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni wọ́n ń pè mí láti Ọ̀tan, wọ́n ń ṣàdúrà. Nígbà míì, mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́, kí n lè rántí ohùn bàbá mi, bóyá ẹ̀rín tí wọ́n rín nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò fún wọn. Mo máa ń rí ẹnu wọn tó ń mì. Ohùn tó ń jáde níbẹ̀, ti àbúrò wọn ni. Mi ò mọ ọjọ́ tí ohùn náà yí padà. Fóònù á dún láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màá gbé e sétí, màá sì ṣe àmín.