Bí A Ṣe Fi Réésà Wádìí Ọrùn Bùbá

Ẹni tó bá rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lóde òní á rò pé n kò mọ bùbá wọ̀. Mo mọ̀ ọ́n wọ̀. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ ni.

Télọ̀ ni ìyàwó mi, ní Egan níbí. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ó ti hùmọ̀ ọrùn bùbá kan tí kì í já bọ́ léjìká, bí ẹni tó wọ̀ ọ́ tilẹ̀ ń jó bí ìjì. Ó ya ìlà ọrùn náà sórí bébà, ó fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Èmi tí mo ń sùn lórí rẹ̀, n kò rí i rí.

Nígbà tí àwọn ìyá ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ rán ogójì bùbá, télọ̀ òdìkejì títì wa, tóun náà jẹ́ akọrin, dìde nínú ìpàdé.

"Kò ní bébà kankan o. Bó ṣe bá a lọ́wọ́ ló ń gé e. Ọrùn ogójì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ máa gbà."

Àwọn ìyá ní kí ìyàwó mi mú bébà wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Bó bá sì mú un wá, ojú télọ̀ òdìkejì kúkú wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ ti gùn mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á lórí fóònù bí kọ̀ǹpútà òde òní ṣe ń fi ẹ̀rí gbe ara rẹ̀. Á ní ìṣirò gígùn kan, irú èyí tí à ń pè ní polinómíà ní kíláàsì. Kò ní fi han ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ dè é pa, tí òun fúnra rẹ̀ ò fi ní lè yí i padà. Ẹni tó ń ṣiyèméjì á mú nọ́ńbà tó bá wù ú. Kọ̀ǹpútà á sọ ìdáhùn nọ́ńbà yẹn nìkan, á sì fi hàn pé inú ohun tóun dè ló ti wá. Òpùrọ́ ò mọ ibi tí wọ́n máa tọ́ka sí, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan péré sábà máa ń tó láti mú un.

"Ìlà ọrùn bùbá rẹ kúkú nìyẹn," mo sọ fún ìyàwó mi.

Ó wò mí. "Wọn ò ní rí ìyókù?"

"Wọn ò ní rí nǹkan kan."

A lẹ bébà náà mọ́ àárín páálí méjì, a sàmì íǹṣì sẹ́yìn páálí, ìyá ẹgbẹ́ sì buwọ́ lu etí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìpàdé, ìyá ẹgbẹ́ mú bùbá tí ìyàwó mi ti rán fún un rí, ó ní ká wò ó ní íǹṣì mẹ́ta sísàlẹ̀ láti èjìká. A fi téèpù wọn bí ọrùn ṣe fẹ̀ tó níbẹ̀. Mo fi réésà la páálí tín-ín-rín ní íǹṣì mẹ́ta. Ìlà náà wà níbi tí téèpù wí gẹ́lẹ́.

"Ó parí," mo wí.

"Ó parí báwo?" Ìgbákejì ìyá ẹgbẹ́ ni. "Ṣé èmi ò lójú ni? Ẹ la tèmi ní márùn-ún, jàre."

Ta ló máa sọ fún àgbà pé iyèméjì tirẹ̀ ò ṣe pàtàkì? Mo là á. Ìyá tó dàgbà jù ní òun fẹ́ ní ọ̀kan àbọ̀. Mo là á. Télọ̀ òdìkejì dìde: "Àbí èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ?" Ó gba ti íǹṣì méjì, ó tún gba ti mẹ́rin fún màmá rẹ̀ tí orúnkún ò jẹ́ kó wá.

Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ dákun, ojú ihò kan tó. Bí ojú ihò bá ti pọ̀, ẹni tó bá so wọ́n pọ̀ ti rí gbogbo ìlà."

"Olùkọ́, ẹ jẹ́ ká ṣèwádìí," ni wọ́n wí.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, páálí ti di asẹ́. Gbogbo ojú rẹ̀ ló bá téèpù mu. Wọ́n yin ìyàwó mi, wọ́n gbé iṣẹ́ fún un. Télọ̀ òdìkejì náà yìn ín, bó ṣe ń pa ìwé orin rẹ̀ dé, níbi tó kọ gbogbo nọ́ńbà sí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì ó wọ bùbá tó fúnra rẹ̀ rán wá. Ọrùn rẹ̀ ò mira. Àwọn ìyá ní ẹni méjì ti mọ ọrùn náà báyìí, kí wọ́n pín in ní ogún-ogún, kí iṣẹ́ lè yá.

Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó kàn rán bùbá tuntun fún mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé ọwọ́ sókè kí n yin Olúwa, ọrùn á já bọ́ sí ìgúnpá. Mo bi í pé kí ló dé.

"Ẹ tọ́ka sí íǹṣì tó bá wù yín," ó wí, ó ń bá ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.