Àmín Tó Kó Bá Mi ní Maitama

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ti ọpọlọ ni mò ń wí o, torí irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n mi nígbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ míì ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì wa ju jápa lọ. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ bí èèyàn ṣe ń fẹnu ara rẹ̀ tilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ lọ síbi tí àwọn olùkọ́ kì í ti í daṣẹ́ sílẹ̀. Òmíì fẹ́ ibi tí iná kì í ti í lọ. Èmi ńkọ́? Mo ní ẹ̀kọ́ nípa omi ni mo fẹ́ kọ́. Irọ́ ni. Fọ́tò inú yìnyín ni mo fẹ́ yà, kí n wé ṣáàlì mọ́rùn bí olówó tí ọ̀fun ń dùn. Mi ò tiẹ̀ lọ sí kíláàsì mọ́. Kí lèmi ará òkè òkun ń wá níbẹ̀?

Nílé wa ní Bwari, àràárọ̀ ni Màmá mi ń gbàdúrà lé mi lórí: "Wàá débẹ̀, wàá ríṣẹ́, o ò ní padà wá bá ìyà ibí mọ́." Gbogbo ilé á ní, "Àmín." Tèmi ló máa ń ròkè jù.

Ọjọ́ fisa kò. Mo wọ kóòtù Dádì mi lọ sí ẹ́mbásì ní Maitama. Obìnrin òyìnbó ẹ̀yìn gíláàsì ń bi mí léèrè, mò ń dáhùn wàìwàì, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Ló bá tẹjú mọ́ mi: "Wàá débẹ̀, wàá ríṣẹ́, o ò sì ní padà wálé mọ́, àbí?"

Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti ní, "Àmín." Ó ròkè bíi ti ilé gan-an.

Kai. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì ti páálí ìrìnnà mi padà sí mi láìsí fisa. Mo sáré lọ sí yunifásítì, wọ́n ti yọ orúkọ mi. Mi ò ríbi jápa sí, mi ò ríbi padà sí.

Ayé ti yí. Mò ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta báyìí, mo sì wé ṣáàlì mọ́rùn lóòótọ́, nítorí eruku. Ọ̀la ni àbúrò mi obìnrin ń lọ síwájú gíláàsì yẹn, ara mi ò sì balẹ̀ fún ayọ̀. Òun mọ ohun tó fẹ́ kọ́: bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹsẹ̀ fẹ́ni tí wọ́n gé tiẹ̀. Láàárọ̀ yìí, Màmá ti pààrọ̀ àdúrà: "Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire." Gbogbo wa ṣe Àmín. Àbúrò mi dákẹ́.

Màmá ní, "Ṣé o ò fẹ́ bọ̀ ni?"

"Mo fẹ́ bọ̀, Màmá. Ẹnu mi ni mò ń kọ́."

Mo bá a ṣe Àmín tiẹ̀. Ẹ ṣáà mọ bí tèmi ṣe ń ròkè.