Oògùn Aládùn Tí Ṣàkírù Ń Fi Ránṣẹ́ sí Ṣakí

Ṣàkírù tó ń ta bàtà l'Adjamé nílẹ̀ òkèèrè kì í fi ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ṣeré. Látìgbà tó ti gbọ́ pé kòkó ń ṣara lóore ló ti ń fi ṣokoléètì aládùn ránṣẹ́ sí i ní Ṣakí, pé kó máa fi ṣe oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀.

Lánàá, ó ṣẹ́ díẹ̀ lára ṣokoléètì tí Mọ́síùrá ìyàwó rẹ̀ fi ń ṣe kéèkì, ó jù ú sẹ́nu. Ó korò bí ewúro!

“Ta ló gbàgbé ṣúgà?”

“Kò sẹ́ni tó gbàgbé, Bàbá Rufaidah. Kòkó gidi nìyẹn, òun àti ọ̀rá rẹ̀. Èyí tí ẹ máa ń rà yẹn, ṣúgà ló pọ̀ jù níbẹ̀.”

Yéè! Àyà Ṣàkírù já. Ó sáré pe Ṣakí.

“Ọmọ mi,” ìyá rẹ̀ dáhùn tayọ̀tayọ̀, “oògùn yẹn mà ti tán o! Àràárọ̀, alaalẹ́ ni mò ń lò ó.”