Orogún Mi Tó Ń Gbé Inú Búùtù

Ọjà Agbójú ni ọkọ mi ti ra pọ́ǹpù táyà yẹn, láyé ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ kálukú. Kò tóbi ju búrẹ́dì lọ. Ihò iná sìgá tó wà níwájú ọkọ̀ la máa ń ki wáyà rẹ̀ bọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti tàn, á gbé nọ́ńbà jáde gàdàgbà. Wàá tẹ iye atẹ́gùn tó o fẹ́, á máa fẹ́ táyà lọ kíkankíkan, tó bá sì ti pé, á dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ọkọ mi kì í tẹ nọ́ńbà mìíràn ju méjìlélọ́gbọ̀n lọ.

Táyà kan ló bẹ́ mọ́ wa lábẹ́ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, àwa àtàwọn ọmọ. Ọlọ́run yọ wá, àmọ́ ẹ̀rù yẹn ò kúrò lára ọkùnrin náà mọ́. Ní gbogbo àárọ̀ Sọ́ńdè, èmi á ti wé gèlè, àwọn ọmọ á ti wọ bàtà, ọ̀gá á ṣì lóṣòó ti táyà níwájú búlọ́ọ̀kì wa ní Fẹ́sítáàkì, á máa rẹ́rìn-ín sí nọ́ńbà. Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ kúkú gbé e wọ yàrá!" Ó ní, "Ìwọ ṣáà ni ìyáálé, má jowú." Bó ṣe di orogún mi nìyẹn. Inú búùtù ni iyàrá tirẹ̀ wà.

Nígbà tí ọkọ mi kú, inú ló kọ́kọ́ bí mi. Ẹni tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn táyà ó yẹ̀, orí ń fọ́ ọ, ojú ń ṣú u, ó ní kò sí nǹkan kan, kí n wá páànádó fóun. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Dókítà sọ ọ́ fún mi nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí rẹ̀ wá pín ẹrù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló mú ọkọ̀. Mi ò bá wọn jà, mi ò kúkú mọ̀ ọ́n wà. Ṣùgbọ́n mo ti yọ́ gbé orogún mi jáde nínú búùtù, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, gbé e yẹ̀ wò. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé èyí lo fi ń wo bípí?" Mo ní, "Òun ni, mà." Ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Máa lò ó o, má ronú jù." Háà! Ká ní bípí ni lóòótọ́, bóyá ọkọ mi ì bá ṣì wà.

Mo rí i gbà, àmọ́ kò lè fọhùn láìsí ọkọ̀. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Mo máa ń nù ún, mo máa ń bú u díẹ̀, bí ìyáálé ṣe ń ṣe. Àwa méjèèjì di opó nínú ilé kan.

Ní Sọ́ńdè kan, Bọ̀dá tó mú ọkọ̀ wá kí wa láti Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, òun àti ìyá ọkọ mi. Iṣu ni wọ́n gbé wá fáwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo rí i pé táyà iwájú ti rọ̀. Fọkanáísà tó wà lẹ́nu géètì ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ̀dá ní kò léwu, àwọn á rọra máa wà á lọ. Mo wo ìyá arúgbó tó jókòó síwájú ọkọ̀, mo rántí ọ̀nà Àgbádárìgì. Bí mo bá gbé pọ́ǹpù jáde, wọ́n á mọ ohun tó jẹ́. Mo lọ gbé e.

Mo ki wáyà bọ ihò, ojú rẹ̀ tàn. Méjìlélọ́gbọ̀n. Ọkọ mi ló tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn, ó ṣì wà níbẹ̀! Mo kúnlẹ̀ ti táyà, mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ibi tẹ́ ẹ wà nìyí?"

Bọ̀dá ò gbọ́ mi dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, pọ́ǹpù ni! Méjìlélọ́gbọ̀n kéré, ẹrù ń wọ ọkọ̀ wa." Kí n tó la ẹnu, ó ti nawọ́ tẹ̀ ẹ́: pín, pín, pín. Nọ́ńbà ọkọ mi ti lọ. Bọ̀dá kì í ṣèèyàn burúkú, kò kàn mọ̀ ni. Pọ́ǹpù pariwo títí táyà fi dìde, ó sì dákẹ́.

Mo ká wáyà rẹ̀, mo gbé e padà sínú búùtù, sí àyè rẹ̀ àtijọ́. Bọ̀dá ní, "Ìyàwó wa, o ò ní í lò ó mọ́ ni?" Mo ní, "Bọ̀dá, ohun ọkọ̀ ni. Ẹ máa mú un lọ."

Ìyá ọkọ mi juwọ́ sí mi, wọ́n sì lọ. Orogún mi rí ọkọ̀ bá lọ. Èmi ìyáálé ni ò rí ọkọ bá lọ.