Tíì Tútù àti Àpò Káfíńtà

Bí o bá fẹ́ mọ irú ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lò ní ṣọ́ọ̀bù, má bi í. Dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná kí o gbọ́ bó ṣe ń ṣe atalẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá rọrùn, á fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́. Bí kò bá rọrùn, ìdí ife irin ló máa fi lù ú mọ́ pákó, tí omi rẹ̀ á máa ta sára ògiri. Lọ́dún tí bàbá wa ń fi ẹsẹ̀ kan tiro, mi ò rántí pé ọ̀bẹ kan atalẹ̀ rí nílé wa.

Onídìrí ni ẹ̀gbọ́n mi. Láti àárọ̀ ló ti máa ń dúró sáàárín àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, tí atẹ́gùn gbígbóná ń fẹ́ sí i lọ́rùn, tí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ sì ń kùn pé ó ń fa òun lórí jù. Òùngbẹ tó ń gbé bọ̀ wálé kì í ṣe èyí tí omi lásán lè pa. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í se tíì tútù nìyẹn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní Tútù, nítorí fúláàsì tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá rò pé ìwà rẹ̀ ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, onítọ̀hún kò tíì bá a gbé.

Ó ní bó ṣe ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá sí i. Á da omi híhó lé ewé tíì, atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo sínámọ́nì, á fi ọmọrí dé e, á sì lọ wẹ̀. Bó bá wẹ̀ tán, á sẹ́ ẹ sínú jọ́ọ̀gì gíláàsì ńlá kan, á gbé e sójú fèrèsé. Kì í da èso sí i nígbà tó bá ṣì gbóná, torí ó ní ooru máa ń mú kí èso tẹ́ lẹ́nu. Ó dìgbà tó bá tutù kó tó fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọsàn sí i, kó wá gbé e wọ fíríìjì. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá ṣí fíríìjì yẹn, kànáfùrù ló máa kọ́kọ́ kí i.

Bàbá wa kì í mu ún tẹ́lẹ̀. Ilé àwọn ẹlòmíì ló fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ kùn lọ́dà, tíì gbígbóná ló sì fi ń gbéra lójoojúmọ́, pẹ̀lú ṣúgà tó pọ̀ débi pé ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró nínú ife. Lẹ́yìn tí ìyá wa kú, kò tún sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà tó wá fi ẹsẹ̀ gún ìṣó, egbò tó wà ní àtàǹpàkò rẹ̀ kọ̀, kò jinná. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Dókítà náà kò gbé ojú kúrò lórí ìwé tó ń kọ. Ó ní kí bàbá má jẹ ṣúgà mọ́, pé bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá wálẹ̀, wọ́n á gé àtàǹpàkò náà, bí ìyẹn kò bá sì tó, wọ́n á gé ẹsẹ̀. Ó wá pe ẹni tó kàn. Ọ̀rọ̀ bíńtín yẹn ni wọ́n fi rán wa lọ sílé pé ká lọ fi gba odidi ẹsẹ̀ là. Inú ṣì ń bí mi sí i dòní.

Bí a ṣe délé, ẹ̀gbọ́n mi gbé agolo ṣúgà, ó dà á sí gọ́tà. Bàbá pariwo pé òun kì í ṣe ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n mi ní òótọ́ ni, pé ọmọdé ṣì máa ń gbọ́ràn.

Àmọ́ bàbá kò lè mu ohun tí kò bá dùn. Ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í se tíì tútù tirẹ̀ fún un, èso tó pọ̀ dáadáa, oyin tó pọ̀ ju èso lọ. Ó ní oyin kì í ṣe ṣúgà, pé oyin ló ń ṣe oyin, ilé iṣẹ́ ló ń ṣe ṣúgà. Kò sẹ́ni tó ta kò ó nínú wa. Oògùn la mọ oyin sí. Èso náà, àwọn dókítà gan-an ló ń pariwo pé ká máa jẹ ẹ́. Bàbá tọ́ ọ wò, ó sì tún na ife. Láti ọjọ́ náà ló ti ń mu ún bí omi, ilé sì tòrò díẹ̀.

Ohun tí kò tòrò ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gún un lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn ni ṣúgà náà ń ga sí i, tí egbò sì ń gbòòrò. Bí a bá ń bọ̀ wálé, ẹ̀gbọ́n mi á máa lọ níwájú wa láìwẹ̀yìn. Ó ti dá a lójú pé ẹnì kan ń yọ́ ṣúgà fún bàbá. Ó tú abẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní kí n búra, mo búra. Lọ́jọ́ kan tó ń gbálẹ̀, ó rí bébà súìtì lábẹ́ àga bàbá.

Ọ̀rẹ́ bàbá kan wà tí a ń pè ní Káfíńtà. Òun ló ń gbé ilẹ̀kùn kọ́ sí ilé tí bàbá bá ń kùn nígbà tí agbára wà. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló ń wá jókòó ti bàbá lórí bẹ́ǹṣì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tí wọ́n á jọ máa bú àwọn onílé tí wọ́n ti bá ṣiṣẹ́ rí. Láti ìgbà tó ti fi sìgá sílẹ̀, súìtì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò kí i.

"Ẹ kó ohun tó wà lápò yín síta."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "Ìṣó ni, ọmọ mi. Àbí o fẹ́ kan nǹkan ni?"

Nígbà tó rí ojú ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rín náà lọ. Ó kó ìṣó jáde, ó yọ pẹ́ńsùlù, ó sì yọ súìtì kan, ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní ẹnu òun ni súìtì náà wà fún. Bàbá ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀rẹ́ òun sílẹ̀, pé òun kò gba súìtì kankan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Kò gbọ́. Ó ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Ó wá sọ èyí tó burú jù.

"Ṣé pákó tí ẹ máa fi gbẹ́ ẹsẹ̀ fún un ti wà nílẹ̀ ni, tí ara fi ń yá yín báyìí?"

Káfíńtà wò ó, ó wo bàbá. Ó ní, "Mo ti gbọ́," ó sì yí padà lọ. Kò kó ìṣó rẹ̀, kò mú pẹ́ńsùlù.

Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì. "Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀," ló wí. Kò bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà, àfi bó bá fẹ́ gba tíì.

Nígbà tí a tún padà sí ilé ìwòsàn, ṣúgà náà ga ju ti gbogbo àtẹ̀yìnwá lọ. Nọ́ọ̀sì tó gún un lọ́wọ́, obìnrin àgbàlagbà kan tí bàtà rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ní òun máa ní láti pe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ̀gbọ́n mi lu tábìlì. Ó ní òun ti da ṣúgà nù, òun ti lé ọ̀rẹ́ bàbá òun, ta ló tún kù tí òun máa lé? Nọ́ọ̀sì ní kó jókòó, kó ka ohun tí bàbá ń jẹ àti ohun tó ń mu. Ẹ̀gbọ́n mi kà á. Nígbà tó kan tíì, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, ọmọrí rẹ̀, ojú fèrèsé rẹ̀, èso àti oyin rẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó yege.

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. "Àǹtí, oyin, omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó, omi ọsàn. Tó bá ti dénú ẹ̀jẹ̀, ṣúgà ni gbogbo rẹ̀."

"Ẹ ò sọ fún wa."

"Ẹ ò béèrè."

"Ẹni tí kò mọ̀ ló yẹ kó béèrè ni, àbí ẹni tó mọ̀ ló yẹ kó sọ?"

Nọ́ọ̀sì tún mú bírò náà. Ó ní òun máa fún wa láàyè díẹ̀ sí i kí òun tó pe oníṣẹ́ abẹ, ó sì rọra tún báńdéèjì bàbá dì ju bó ṣe máa ń dì í lọ.

Nílé, ẹ̀gbọ́n mi gbé jọ́ọ̀gì náà dúró síwájú ibi ìfọwọ́. Bàbá na ohùn láti pálọ̀ pé òun fẹ́ tíì. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi dà á nù. Ó fọ jọ́ọ̀gì, ó tún gbé omi kaná. Atalẹ̀ àti kànáfùrù ló pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí; èèpo ọsàn tó fọ̀ mọ́ ló fi rọ́pò omi ọsàn, ó sì kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ kíkan díẹ̀ sí i. Kò sí oyin. Nígbà tó tutù, ó gbé e fún bàbá. Bàbá mu ẹnu kan, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Kí ni mò ń mu yìí?"

"Ẹsẹ̀ yín."

Bàbá mu ìyókù.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bu èyí tó kù nínú jọ́ọ̀gì sí fúláàsì, ó kó ìṣó àti pẹ́ńsùlù sínú ọ̀rá, ó ní ká lọ. Káfíńtà ń fá pákó nígbà tí a dé ìsọ̀ rẹ̀, kò sì dúró. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sínú èérún pákó. Ó sọ gbogbo rẹ̀, oyin, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Inú ṣì ń bí i bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀; ẹni tó bá ń kọjá lọ lè rò pé ó ń gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Káfíńtà bi í bóyá ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ òun máa dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò mọ̀. Ìgbà náà ni Káfíńtà gbé ìfági sílẹ̀, ó gba fúláàsì, ó mu, ó sì tutọ́.

"Eléyìí, kò sẹ́ni tó máa fẹ̀sùn jíjí rẹ̀ mu kan èmi."

Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Kó tó kí ẹnikẹ́ni, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fa àpò rẹ̀ méjèèjì síta, wọ́n rọ̀ bí etí ajá. Bó ṣe ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo nìyẹn. Bàbá máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í ní kó má ṣe é mọ́. Á dúró wò ó títí á fi ti àpò náà padà, á wá bu tíì fún àwọn méjèèjì.

Ṣúgà ti ń wálẹ̀. Egbò kò tíì jinná, àmọ́ àtàǹpàkò náà ṣì wà lẹ́sẹ̀ bàbá, nọ́ọ̀sì kò sì dárúkọ iṣẹ́ abẹ mọ́. Lánàá, àpò Káfíńtà já lójú rírán, nítorí fífà tó ń fà á. Ẹ̀gbọ́n mi mú abẹ́rẹ́, ó fà á jókòó, ó sì ń rán an mọ́ ọn lára.

"Jẹ́ kí àpò náà jìn dáadáa," ni Káfíńtà wí.

"Ẹ pa ẹnu mọ́, kí n má baà gún yín," ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn.