Àwọn Ọ̀rẹ́ Arvo Nínú Sọ́nà

Bàbá tó bí bàbá Arvo jẹ́ kọ́múníìsì paraku. Bàbá tó bí ìyá rẹ̀ ò fẹ́ rí kọ́múníìsì sójú. Títí wọ́n fi kú, wọn ò jọ wẹ̀ nínú sọ́nà kan náà rí, ìyẹn ilé pákó olóoru tí àwọn ọmọ Finland tó wà nílùú wọn ti ń làágùn ní Sátidé. Arvo ní tiẹ̀ gbé àwòrán àwọn méjèèjì kọ́ sára ògiri kan, ó ní òun gba tàwọn méjèèjì.

Ẹ má fi rẹ́rìn-ín jù. Ilé iṣẹ́ bébà tí Arvo ti ń jẹun, ní Míṣígàn lókè lọ́hùn-ún nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti kógbá wọlé, ìyàwó ti kẹ́rù lọ, kò sẹ́ni tó ń pè é lórí fóònù mọ́ àfi Dale àti ọkùnrin méjì mìíràn tí wọ́n jọ ń wẹ̀ nínú sọ́nà rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí òṣìṣẹ́ gba ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ olówó, kí àjèjì padà sílé, kí ìjọba túká, kí alágbára kan sì máa pàṣẹ fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gégi mọ́, bẹ́ẹ̀ igi ni wọ́n ń kó sínú ààrò sọ́nà. Ata àti ṣúgà nínú ìkòkò kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá wà kì í wádìí ọbẹ̀ tí wọ́n bá bù fún un.

Impi, ìyá Arvo, ò lè dá dìde mọ́. Luz, obìnrin Filipínì kan, ló ń gbé e, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé kan, nínú ooru, Dale ní kí Arvo lé Luz, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kó yẹra lọ́dọ̀ àwọn. Ó tún wá bú obìnrin náà ní èébú tí ò ṣeé sọ lẹ́nu. Nínú sọ́nà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe jẹ́jẹ́ bí ẹni wà ní ṣọ́ọ̀ṣì!

Arvo bomi sórí òkúta gbígbóná. "Tó bá lọ, ta nínú yín ló máa wá gbé Màmá mi láàárọ̀ Mọ́ńdè?"

"Tí ìjọba òṣìṣẹ́ bá dé, wọ́n á ránni sí i," ni Dale wí.

"Ìjọba kẹ̀?" ni ọ̀kan nínú àwọn méjì yòókù dá a lóhùn. "Ṣebí a láa ò fẹ́jọba."

Ni iyàn bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbàgbé Màmá. Arvo ní kí wọ́n wọṣọ wọn kí wọ́n máa lọ. Dale ní òun á wo bó ṣe máa dá wà láìlọ́rẹ̀ẹ́. Ó dun Arvo wọra, torí òótọ́ ni.

Ní Sátidé kejì ó tún dáná, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Fóònù ò dún. Luz jáde.

"Bọ̀dá Arvo, àwọn ọ̀rẹ́ yín ò tíì dé?"

"Wọn ò wá mọ́."

"Ẹ pè wọ́n, ẹ̀yin náà, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Páì ẹlẹ́ran tí mo yan dè wọ́n ti ń tutù."

Arvo ò lè sọ èébú tí Dale bú u fún un. "Gbé e wá," ló wí. "Àwa pẹ̀lú Màmá la máa jẹ ẹ́."