Àdúrà Ìdákẹ́jẹ́ Àǹtí Gertrude

Ní gbogbo Yábàá, kò sí atẹdùùrù tó tó Àǹtí Gertrude. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi tẹ dùùrù ìjọ wọn. Bó bá fa ohùn bàásì jáde lọ́jọ́ Àjíǹde, àwọn òkú tó wà ní ìtẹ́ òkú Àtàn á dìde jókòó, wọ́n á máa bi ara wọn bóyá ọjọ́ ti pé. Ó tín-ín-rín, irun rẹ̀ ti funfun bí òwú, síbẹ̀ tọmọdé tàgbà ló ń pè é ní Àǹtí. Kọ́kọ́rọ́ dùùrù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Okùn dúdú ló fi so ó, tòun tiẹ̀ ni wọ́n jọ ń wẹ̀, tí wọ́n jọ ń sùn.

Ohun kan wà tí kì í gbàgbé. Kó tó tẹ orin kankan, á kọ́kọ́ ti gbogbo ọ̀pá ohùn padà sí àyè wọn, á sì fi ẹsẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn àpótí tí ohùn ń gbà jáde. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, níbi tí orin àná bá fi dùùrù sí, ibẹ̀ náà ni orin òní á ti bá a. Àṣà yìí wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀ débi pé kó tó dáná, á kọ́kọ́ pa sítóòfù tí kò tíì tàn.

Lọ́dún 1995, àìsàn gbé e dálẹ̀. Nígbà tó dìde, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò bá a dìde. Ó lè fi gbé ife, kò lè fi tẹ dùùrù mọ́. Bọ̀ọ̀dá Abọ́dúndé, wọ́dìn ìjọ, wá kí i nílé. Ó yìn ín títí, ó wá ní ìjọ ti ń rò ó pé kó lọ sinmi, kó sì dá kọ́kọ́rọ́ dùùrù padà. Àǹtí Gertrude ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe Ìkórè tó ń bọ̀. Bí orin bá bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, òun fúnra òun á bọ́ kọ́kọ́rọ́ náà lọ́rùn.

Jemilat ló gbà á sílẹ̀. Ayálégbé rẹ̀ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ, tó ti jáde yunifásítì, tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ lẹ́tà fún àwọn èèyàn ní Sábó. Ó gbé kọ̀ǹpútà kan wálé, ó ní ètò kan wà nínú rẹ̀ tí èèyàn lè fi kọ nótì orin. Bí a bá fi wáyà so ó mọ́ kíbọ́ọ̀dù olórin, dùùrù kékeré oníná, kíbọ́ọ̀dù náà á máa kọrin láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí Àǹtí kọ́kọ́ rí i, ó ní kí Jemilat ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí àwọn ará ilé má baà sọ pé awo làwọn ń ṣe.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi kọ orin Ìkórè sínú rẹ̀. Àǹtí á kọ ọ́ lẹ́nu, Jemilat á fi máòsì gbé e sójú ìlà. Jemilat ṣàlàyé pé nótì nìkan kò tó: àwọn nọ́ńbà kan wà tí a ń kọ sábẹ́ ìlà, àwọn ló ń pàṣẹ fún kíbọ́ọ̀dù bí orin ti ń lọ. Nọ́ńbà keje ló ń sọ bí ohùn á ṣe lágbára tó. Ìyẹn dùn mọ́ Àǹtí. Ó ní ní Àmín tó kẹ́yìn, kí ohùn máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ọwọ́ ń sùn sí, títí á fi kù bí èémí. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ tán, wọ́n á pa kíbọ́ọ̀dù, nítorí orí tábìlì kan náà ni Jemilat ti ń lọ aṣọ. Bí wọ́n bá tún tàn án, ohùn rẹ̀ á ti padà bọ̀ sípò. Kò sẹ́ni tó bi í bó ṣe ń padà.

Ọjọ́ Ìkórè pé. Wọ́n so kíbọ́ọ̀dù mọ́ sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, Sylvester, akọrin ohùn tẹ́nọ̀ tó máa ń ṣáájú gbogbo ayé dé Àmín, bẹ̀bẹ̀ pé kí òun gbọ́ Àmín náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n gbọ́ ọ, ó dùn. Wọ́n fi kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ ní títàn, nítorí kò sí aṣọ tí ẹnikẹ́ni fẹ́ lọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tó kan orin, Àǹtí mi orí sí Jemilat, tó jókòó ti kọ̀ǹpútà tòun ti ìborí rẹ̀. Jemilat tẹ̀ ẹ́. Kẹ́kẹ́ pa. Àwọn akọrin la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ tí ìyá rẹ̀ kò tíì dé. Àwọn kan gbójú sókè, wọ́n rò pé NEPA ti mú iná lọ, ṣùgbọ́n fáànù ń yí. Bọ̀ọ̀dá Abọ́dúndé ti ń wo okùn dúdú tó wà lọ́rùn Àǹtí.

Àǹtí Gertrude tẹrí ba, ó gbé etí lé sípíkà. Orin ń lọ níbẹ̀, kò ṣi nótì kan, ṣùgbọ́n wúyẹ́wúyẹ́ ni.

Àwọn tó wà níwájú rí i bó ṣe tẹ orí ba, wọ́n rò pé àdúrà ló kàn, àwọn náà tẹrí ba. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn kúnlẹ̀. Àlùfáà kò rí i nínú ètò ìsìn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó dà bíi pé òun nìkan ni Ẹ̀mí kò bá sọ̀rọ̀, òun náà kúnlẹ̀. Àgbò Ìkórè tí wọ́n so sẹ́nu ọ̀nà pàápàá pa ẹnu mọ́.

“Jemilat,” Àǹtí sọ ọ́ sí i létí, “níbo la fi ohùn rẹ̀ sí nígbà tí a gbọ́ Àmín tán?”

“Nísàlẹ̀ pátápátá, mà.”

“Ta ló wá sọ fún un pé kó gòkè padà?”

Jemilat wò ó. “A ò sọ fún un, mà. Pípa là ń pa á nílé.”

“Àpótí dùùrù ni, tá a gbàgbé láti ṣí. Lọ sójú ìlà kìíní, kí nótì kankan tó bẹ̀rẹ̀. Kọ nọ́ńbà keje síbẹ̀, kó o gbé ohùn rẹ̀ sókè.”

“Títí dé ibo, mà?”

Àǹtí wo Bọ̀ọ̀dá Abọ́dúndé lórí ìkúnlẹ̀. “Ibi tó bá lè dé.”

Jemilat dá orin náà dúró, ó kọ ọ́, ó sì tún tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn tó jáde ṣí fìlà lórí ẹni tó ń ná ọjà jẹ́jẹ́ ní Tejúoṣó. Bọ̀ọ̀dá Abọ́dúndé fò dìde lórí eékún tó ti ń dùn ún láti ọdún mẹ́fà. Akọrin gbé orin náà, wọ́n gbé e re òkè. Nígbà tó dé Àmín, tí ohùn ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, Sylvester pàápàá dúró de àwọn yòókù.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́dìn wá bá Àǹtí, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní láti kékeré tí òun ti ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, àdúrà ìdákẹ́jẹ́ kankan kò tíì wọ òun lára tó ti òní. Ó ní kí wọ́n máa ṣe é lọ́dọọdún, ṣáájú orin.

“Kọ́kọ́rọ́ yìí ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá mi?”

“Kọ́kọ́rọ́ wo?” ni wọ́dìn wí. “Jẹ́ kó wà lọ́rùn ẹ.”

Ọdún mẹ́jọ sí i ni kọ́kọ́rọ́ náà fi wà níbẹ̀. Ní gbogbo Ìkórè, ìjọ á kúnlẹ̀, wọ́n á dákẹ́ rọ́rọ́, Àǹtí Gertrude á sì tẹrí ba ju gbogbo wọn lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, mùsùlùmí kan ṣoṣo tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì náà á fa ìborí rẹ̀ bo ẹnu, kí wọ́n má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.